Ọwọ́ Òsì Mi Kò Jọ Tèmi Mọ́

Ní ọjọ́ keje àṣàrò ọlọ́jọ́ mẹ́wàá kan tí mo lọ ṣe, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo la ojú díẹ̀ níbi tí mo jókòó sí, mo wo ọwọ́ òsì mi lórí orúnkún, ọwọ́ náà kò sì jọ tèmi mọ́. Mo rí àpá ibi tí ọ̀bẹ ti gé mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo rí òrùka fàdákà tí Màámi fún mi. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ẹlòmíràn gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kí n gbé ìka kan. Ìka náà gbéra. Ẹni tó gbé e ni mi ò mọ̀.

Ọdún 2022 ni èyí ṣẹlẹ̀, mi ò sì tíì kọ ọ́ síbì kankan. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní aago mẹ́ta òru. Oorun ló ń wá tó fi bẹ̀rẹ̀ àṣàrò pẹ̀lú áàpù kan lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń ṣe é ní wákàtí méjì lójúmọ́. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu lóru. Tí mo bá ti dijú báyìí, gbogbo ara mi á máa gbọ̀n bíi mọ́tò tí wọn kò pa, ó sì ń ṣe mí bíi pé mi ò sí níbí. Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí mi kò ti máa dà rú báyìí?” Mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ ibi tó wà.

Àṣàrò tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí èèyàn ka ẹsẹ Bíbélì kan kó máa rò ó lọ́kàn. Èyí ni kí èèyàn jókòó, kó dákẹ́, kó máa wo èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Tí ọkàn bá ṣáko lọ, kó rọra fà á padà.

Oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni Màámi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà náà, wọ́n ti ti pápákọ̀ òfurufú Nàìjíríà nítorí Kòrónà, ó sì di oṣù kẹsàn-án kí ọkọ̀ òfurufú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkè òkun wọlé bó ṣe yẹ. Mi ò lè lọ. Inú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ ni mo ti wo ìsìnkú ìyá mi lórí fóònù, pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ pósí kalẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì já. Nígbà tó fi máa padà, erùpẹ̀ pupa ni mo rí, àti ṣọ́bìrì. Mo nu ojú mi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ti ń tẹ aago.

Láti ìgbà náà ni oorun ti di ohun tí mò ń bẹ̀. Dókítà mi níbí ní Leeds, ní Ìlú Ọba, fi mí sí kíláàsì àṣàrò ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ kan, irú èyí tí Jon Kabat-Zinn dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts lọ́dún 1979, tó ti wá tàn ká ayé. Mi ò ní purọ́ mọ́ kíláàsì yẹn. Ó ràn mí lọ́wọ́. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, àwa mẹ́wàá nínú yàrá kan, a ó ṣe é, a ó sọ bó ṣe rí lára wa, a ó mu tíì. Oorun mi gùn sí i. Mo wá rò ó pé bí ogún ìṣẹ́jú bá lè ṣe báyìí, kí ni ọjọ́ mẹ́wàá kò ní ṣe?

Ibi tí mo lọ wà ní ìgbèríko. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọn kì í bu owó lé èèyàn, tìfẹ́tìfẹ́ ni àwọn tó ń dáná níbẹ̀ fi ń dáná. Wọ́n gba fóònù wa, wọ́n gba ìwé àti bírò. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, a kò gbọdọ̀ wo ojú ara wa. Agogo á dún ní aago mẹ́rin ìdájí, a ó sì pa iná ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Bí wákàtí mẹ́wàá là ń fi jókòó nínú ọjọ́ kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, èso díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ló kù.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, èémí nìkan là ń wò, ní ibi kékeré tó wà láàárín imú àti ètè òkè. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní ká máa fi ọkàn rin gbogbo ara, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ká má sì mira fún odidi wákàtí kan. Ní ọjọ́ karùn-ún, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ awọ ara mi bí èèrà wẹ́wẹ́, láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì dùn. Ó dùn débi pé mo sunkún. Mo gbà pé mo ti dé ibi tí gbogbo ènìyàn ń wá.

Òru ọjọ́ kẹfà, oorun kò wá. Èèrà yẹn kò fẹ́ dúró mọ́. Mo dijú, mo rí erùpẹ̀ pupa. Kì í ṣe bí ìgbà tí èèyàn ń rántí nǹkan o. Erùpẹ̀ náà wà níwájú mi, mo ń gbọ́ bí ṣọ́bìrì ṣe ń ha á. Àyà mi ń lù kì kì kì títí agogo fi dún.

Lọ́jọ́ keje tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ṣẹlẹ̀, mo lọ bá olùkọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Mo sọ ti ọwọ́, mo sọ ti erùpẹ̀, mo sọ ti oorun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àwọn ohun àtijọ́ ló ń jáde lára mi, kí n má bẹ̀rù, kí n padà lọ jókòó, kí n máa wò ó láìbá a jà, gbogbo ohun tó bá dìde ló máa kọjá lọ. Ohùn rẹ̀ tutù. Mo gbà á gbọ́. Mo tún jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Títí dòní, ìyẹn ló dùn mí jù. Kò béèrè bóyá mo ti sùn rárá láti ìjẹta. Kò béèrè ẹni tó kú.

Ìdí kan tún wà tí mi ò fi dìde. Ọmọ Ìkòyí ni bàbá mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ nínú oríkì wa pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gbangba ni Ẹ̀ṣọ́ fi ń gba ọgbẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sórí tìmùtìmù tí mo jókòó lé. Mo rò pé bí mo bá dìde, mo ti sá lójú ogun nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, mo wo dígí ní balùwẹ̀, mi ò mọ ẹni tó ń wò mí. Mo kó ẹrù mi. Wọ́n bẹ̀ mí kí n dúró, wọ́n ní kò dára kí èèyàn kúrò lágbedeméjì. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi dé ilé. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, gbogbo ohun tó bá ń ṣe mí, mo máa ń sọ pé àìdúró mi ló fà á.

Mo rò pé tí mo bá ti délé, ó parí. Kò parí. Ìró omi tó ń hó nínú kẹ́tù ń dún létí mi bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn èèyàn inú bọ́ọ̀sì dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Tí mo bá jókòó láìṣe nǹkan kan, ara mi á bẹ̀rẹ̀ àṣàrò fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo pè é, èèrà yẹn á tún máa rìn. Mo ń fi ìka tẹ ògiri bí mo ṣe ń rìn nínú ilé, kí n lè mọ̀ pé ògiri wà.

Pásítọ̀ wa gbàdúrà fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tọkàntọkàn ló fi ṣe é. Ó ní kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kí n sì máa ṣe ìṣọ́ òru. Mo ṣe ọjọ́ kan. Lóru ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ mi nínú ilé tó jẹ́ pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ara mi ti balẹ̀ ni mo tó rí i pé ìmọ̀ràn olùkọ́ ọjọ́ yẹn àti ti pásítọ̀ kò yàtọ̀ síra. Àìsùn, àìjẹun, ìdákẹ́ àti ìdánìkanwà ló sọ mí dà báyìí, àwọn méjèèjì sì ní kí n fi kún un.

Ẹni tó yàtọ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Mọ́mì Ògbómọ̀ṣọ́ là ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, èlùbọ́ ni wọ́n tà títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wọ́n. Wọn kò mọ nǹkan kan nípa àṣàrò àwọn ará Éṣíà. Wọ́n pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

“Àbẹ̀kẹ́, kí lo jẹ lónìí?”

Mo ní mò ń gbààwẹ̀ ni, mà.

“Lánàá ńkọ́?”

Mo ní mi ò rántí.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ tí ibà dá dúbúlẹ̀ sọ̀rọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Ìkòyí. Wọ́n dárúkọ bàbá mi, wọ́n dárúkọ bàbá tó bí i. Wọ́n dárúkọ Màámi, wọ́n ní ìyàwó wa, arẹwà obìnrin tó bí ọ. Orí mi wú. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí orí mi kò wú sí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè, kò sí ẹlòmíràn.

Mo ní, “Mọ́mì, ṣebí Ẹ̀ṣọ́ kì í sá.”

“Ta ló sọ fún ọ pé ogun lo lọ? Ẹ̀ṣọ́ wo lo gbọ́ pé ó lọ sógun láìjẹun, láìsùn, láìní ẹnì kejì? Dìde ńlẹ̀ yẹn. Èlùbọ́ tí mo fi rán Fẹ́mi sí ọ, ṣé ó kù? Ó yá, gbé omi kaná. Má pa fóònù.”

Mo gbé fóònù ti ara fìríìjì. Omi hó. Mo da èlùbọ́ sí i, mo mú ọmọrogùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ̀ pé èèyàn kò lè máa ronú nǹkan mìíràn nígbà tó bá ń dì. Apá gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Mọ́mì ń béèrè láti orí fóònù, “Ṣé kò ní kókó? Fi omi díẹ̀ sí i. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò.” Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí ọmọrogùn, ọwọ́ òsì fi àkísà di etí ìkòkò mú. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ooru yọ lábẹ́ rẹ̀, ó jó mi ní ọrùn ọwọ́ òsì. Mo pariwo, “Yéè!” mo fa ọwọ́ mi, mo sì sáré fi sábẹ́ omi.

Ọwọ́ mi ni. Èmi ló jó. Mo dúró sídìí ẹ̀rọ omi yẹn, mò ń sunkún, Mọ́mì ń pariwo “Kí ló dé? Kí ló dé?” lórí fìríìjì. Mo jẹ àmàlà náà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tó kù nínú fíríísà, mo sì sùn fún wákàtí márùn-ún.

Mi ò sọ pé àmàlà ni oògùn rẹ̀ o. Oṣù márùn-ún ló gbà mí. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá dókítà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ohùn tó pe orúkọ mi. Ó fún mi ní oògùn oorun ọjọ́ díẹ̀ àti ìwé ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún fi mí lé ọwọ́ ẹnì kan tó mọ̀ nípa ọ̀fọ̀, a sì jọ ń sọ̀rọ̀ Màámi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ohun tó ṣe mí ní orúkọ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀.

Willoughby Britton àti Jared Lindahl, tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2017. Nínú rẹ̀, wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn aláṣàrò ọgọ́ta lẹ́nu wò, wọ́n sì ka oríṣi ìrírí 59 tó máa ń ko èèyàn lójú: ẹ̀rù, àìsùn, ara gbígbọ̀n, ìrántí ohun búburú tó dé láìròtẹ́lẹ̀, kí ara ẹni má jọ tẹni mọ́. Nígbà tí mo ka èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo rìn yí ilé ká. Lọ́dún 2020, àwọn mìíràn kó ìwádìí 83 jọ, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ń ṣe àṣàrò, bí mẹ́jọ ni nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí níbẹ̀, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ló sì pọ̀ jù. Mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àwa tó wà nínú gbọ̀ngàn ọjọ́ yẹn ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún wa kí a tó jókòó. Britton náà ló dá Cheetah House sílẹ̀ fún irú àwa yìí, àwọn tí àṣàrò ti ṣe léṣe.

Àwọn àgbà tó ni àṣàrò gan-an mọ̀ pẹ̀lú. Hakuin, àgbà Zen (ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan) ní Japan tí wọ́n bí lọ́dún 1686, kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òun jókòó ní àjókòójù, àìsàn bá dé: etí ń hó, ẹsẹ̀ tutù bíi yìnyín, ẹ̀rù ń bà á, ó ń rí ohun tí kò sí. Gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ó gun òkè lọ bá bàbá kan tó ń gbé inú ihò àpáta nítòsí Kyoto. Bàbá yẹn kò ní kó padà lọ jókòó. Ó ní kó máa rò ó pé wọ́n gbé bọ́tà rírọ̀ olóòórùn dídùn kan, tó tó ẹyin, lé òun lórí, pé ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣàn gba èjìká, ó ń gba àyà, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Bọ́tà ni wọ́n kọ o, ṣùgbọ́n òrí ni mo rí. Màámi máa ń fi òrí pa àwùjẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun ilé wa, wọ́n á sì fi èyí tó kù lọ́wọ́ wọn ra ẹsẹ̀ ọmọ náà. Mo ní òrí nínú ike kan nílé. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi pa àtàrí àti àtẹ́lẹsẹ̀ mi kí n tó sùn, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, pẹ̀lú iná títàn. Mo ń ṣe é di ìsinsìnyí.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi lóru yẹn nìyí. Mo ní kó yé ṣe é pátápátá ná, kó pa áàpù yẹn rẹ́ lórí fóònù rẹ̀, kì í ṣe pé kó dín in kù. Kó tan iná. Kó má dijú wá oorun. Kó la ojú, kó máa ka ohun tó wà nínú yàrá, kọ́ńbọ́ọ̀dù, bàtà, aṣọ tó so kọ́. Kó jẹun tó wúwo lára. Kó fọ abọ́, kó fi ọwọ́ fọ aṣọ, kó rìn jáde tí ilẹ̀ bá mọ́. Tí ìbẹ̀rù bá dé, kó má jókòó máa wò ó, kó pe èèyàn. Mo sì bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí: ọjọ́ mélòó ni kò tíì sùn? Ṣé ó ń gbọ́ ohùn? Ṣé ó ti ń rò ó pé kí òun kúkú kú? Ó ní rárá sí méjì ìkẹ́yìn. Ká ní ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ni, 111 ni à bá pè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tàbí 999, àwọn nọ́ńbà ìrànwọ́ ìlera àti pàjáwìrì níbí.

Ó ń bẹ̀rù dókítà. Ó ní wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń ya wèrè. Mo sọ ìtàn Àrò fún un, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954. Lambo kò ti gbogbo àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ìbátan wọn kan tó ń dáná fún wọn. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á sì padà sáàárín èèyàn. Mo ní, “Ìwọ náà, a ò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ìwọ nìkan.” Ọjọ́ Ajé, èmi ni mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi mí bóyá mo tún ń ṣe àṣàrò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú mi á là, nígbà mìíràn mo máa ń rìn. Ọjọ́ tí èèrà yẹn bá dé, mo dìde. Bí mo ṣe ń dìde yẹn kò tún dà bí ìsá lójú mi mọ́.

Àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo gbọ́ bí àwo ṣe ń kan ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ó ń fọ abọ́. Ó ní òun sùn láti aago mọ́kànlá di aago mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí mo ti ń ra òrí.